Ìtàn Pípààrọ̀ Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Láàárín Wa

Bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì bá ránṣẹ́ sílé kí ọdún àkọ́kọ́ tó dé ìdajì, tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ tí òun fi ààwẹ̀ àti àdúrà wá kò bá òun lára mu, pé ẹ̀kọ́ tí òun yàn kò wọ òun lọ́kàn mọ́, àti pé bí ó bá ṣeé ṣe òun ìbá kó àpótí òun lọ sí ibòmíràn, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àgbà ni pé àìnísùúrù ni, pé àwọn ọmọ ìwòyí kò lè fara da nǹkan, pé ní ìgbà tiwọn, ibi tí a bá fi ọmọ sí ni ọmọ ń gbé títí yóò fi parí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń fọhùn lẹ́nu wọn, nítorí pé owó tí wọ́n ti san kò kéré, oorun tí wọn kò sì sùn nítorí ìdánwò àṣewọlé kò ṣeé fi ẹnu sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn, tí mo tọ ipasẹ̀ àwọn tí orúkọ wọn ń ró gbọnmọ-gbọnmọ títí di òní, n kò rí ẹ̀rí tó gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé láti ìgbà tí a ti ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ni àwọn kan ti ń yàn tí wọ́n sì ń tún un yàn, àti pé kì í ṣe sùúrù tàbí àìnísùúrù ló ń pinnu ẹni tí àtúnyàn náà yóò gbè, bí kò ṣe ọ̀nà tí àwọn onílé-ẹ̀kọ́ ń gbà ka ìmọ̀ tí ọmọ ti kó jọ kó tó dìde.

Àwọn baba wa kò fi ìgbà kankan ka yíyàn sí ohun tí a ń ṣe láìní àbámọ̀. Àwọn ló sọ pé a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a délé ayé tán ojú ń kán wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì bú ẹni tí ojú ń kán. Ó kàn jẹ́wọ́ pé bí ó ṣe ń rí fún ọmọ ènìyàn nìyẹn. Nínú iṣẹ́ awo, tí í ṣe ẹ̀kọ́ gíga tó pẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ wa, ọmọ awo lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, tí yóò máa gbé àpò rẹ̀, tí yóò máa kọ́ ẹsẹ Ifá láti orí Èjì Ogbè wá sílẹ̀; síbẹ̀, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí ìmọ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti rìn dé ọ̀dọ̀ babaláwo ìlú mìíràn, kó lọ kọ́ èyí tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀, ohun tó sì ti mọ̀ kò ní parẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé ó ṣí ipò. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní ìsáǹsá. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun.

Nígbà tí ìwé dé, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ẹni tí ó sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò yàn. Ní 1827 ni ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọmọ Òṣoògùn tí àwọn ológun kó lẹ́rú ní 1821, tí orí kó yọ, tí wọ́n sì ti mú lọ sí Islington ní ìlú London fún oṣù díẹ̀ kó tó padà wá jókòó ní Fourah Bay. Ìgbà tí Fourah Bay so ara rẹ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní 1876 ni ọmọ adúláwọ̀ tó ráàyè gba oyè yunifásítì láì kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Èkó bíi Henry Carr sì lo àǹfààní náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí Fourah Bay kò bá bá lára mu nígbà náà, ilé ni yóò padà sí, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá lówó lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àfi ìgbà tí Yábàá dé. Ní 1932 ni Higher College bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yábàá, tí wọ́n sì ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ ní oṣù January 1934, E. R. J. Hussey, ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn, ló gbé ètò náà kalẹ̀. Ó yẹ kí inú gbogbo ènìyàn dùn, nítorí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti wọ Èkó Akéte. Inú kò dùn. Ohun tí ìjọba fẹ́ láti ibẹ̀ ni igbákejì: igbákejì dókítà, igbákejì ẹnjiníà, àwọn tí yóò máa dúró lẹ́yìn òyìnbó títí ọjọ́ alẹ́ wọn, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n sì ń fún wọn jẹ́ ti ilẹ̀ wa nìkan, kì í ṣe oyè yunifásítì tí ayé ń kà sí. Ọmọ tí ó bá ń kọ́ ìṣègùn lè lo ọdún tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ẹni tó lọ sí London, kó sì jáde tán kí ẹni tó lọ sí London jẹ́ ọ̀gá lórí rẹ̀. Nígbà náà ni iyèméjì nípa ilé ẹ̀kọ́ kúrò ní ọ̀rọ̀ àárín bàbá àti ọmọ, tó di ọ̀rọ̀ ìta gbangba. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ìkọ́lì, Samuel Akínsànyà àti H. O. Davies kó ara wọn jọ, wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Yábàá yìí gan-an ló sì bí ẹgbẹ́ náà, èyí tó wá di Nigerian Youth Movement, tó gbọn ìlú Èkó tìtì. Ẹ jẹ́ kí á rántí èyí nígbà tí a bá ń bá ọmọ wí pé ó ń ṣiyèméjì nípa ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀: ara irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ ni òṣèlú òmìnira wa ti rú jáde.

Lára àwọn tí kò dúró de Yábàá ni Nnamdi Azikiwe wà, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní Zungeru ní 1904, tó ka ìwé ní Methodist Boys' High School ní Èkó, tó gbọ́ Yorùbá, tó sì ṣe akọ̀wé ìjọba ní ilé ìṣúra kó tó rìnrìn àjò sí Amẹ́ríkà ní 1925. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé jù, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló gbà kọjá kó tó gba oyè àkọ́kọ́. Storer ni ó kọ́kọ́ wọ̀, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Harpers Ferry ní ìpínlẹ̀ West Virginia, níbi tí odò Potomac àti odò Shenandoah ti pàdé, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ibi tí Storer lè mú ọmọ dé nígbà náà kò tó ibi tí Azikiwe ń lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì ó dìde, ó gba Howard lọ ní Washington, níbi tí ó ti jókòó níwájú àwọn olùkọ́ bíi Alain Locke àti William Leo Hansberry, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní ìtàn Áfíríkà nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń sọ pé Áfíríkà kò ní ìtàn. Owó ló lé e kúrò ní Howard. Ọmọ tó ti fọ abọ́, tó ti wa èédú, kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ náà san déédéé, ó sì tún dìde, ó lọ sí Lincoln ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, níbi tí ó ti gba oyè B.A. ní 1930. Ká ní àwọn àgbà tó ń sọ pé àìnísùúrù ni wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Harpers Ferry lọ́jọ́ tó ń di ẹrù rẹ̀, kí ni wọn ì bá wí?

Ẹ sì wo ẹnìkejì rẹ̀ nílé. Ní 1927, nígbà tí Azikiwe ń parí ọdún méjì rẹ̀ ní Storer, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wọ Wesley College ní Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kò sì lò ju bí ọdún kan lọ níbẹ̀ tó fi jáde. Ó ṣe olùkọ́, ó kọ́ iṣẹ́ ìkọ̀wé kíákíá, ó tilẹ̀ padà sí Wesley gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ní 1932. Ṣùgbọ́n ọdún tó ti lò ní kíláàsì níbẹ̀ kò bá a wọ ibì kankan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti fi ìwé tí a ń fi ránṣẹ́ láti London kọ́ ara rẹ̀, láàárín ìṣòwò àti iṣẹ́ ìwé ìròyìn, títí ó fi gba oyè B.Com. ní 1944, kó tó lọ kọ́ òfin. Àwọn méjèèjì ló kúrò níbi tí wọ́n kọ́kọ́ yàn, àwọn méjèèjì ló sì di òpó ilẹ̀ yìí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan rí ohun tó ti kọ́ gbé dání lọ síwájú, ẹnìkejì sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Kí ló fà á? Ní Amẹ́ríkà, bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń parí lọ, àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, Charles Eliot ní Harvard sì wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú fífún akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti yan kọ́ọ̀sì tó wù ú. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye wákàtí tirẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan sì ní kírẹ́díìtì tirẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń sín owó ẹyọ láyé àtijọ́ ni, ogójì sórí okùn kan, ogójì sórí òmíràn: ẹni tí òjò bá ká mọ́ ìdí iṣẹ́ náà kò ní tú gbogbo rẹ̀ ká, yóò kó okùn tó ti kún lọ síbi tí òjò kò sí, yóò sì máa sín in lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso, ìdánwò àṣekágbá ló ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá dé ìdí ìdánwò náà, bí ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan ni.

N kò sọ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe é láìṣe ojúsàájú. Nígbà tí W. E. B. Du Bois gba oyè B.A. ní Fisk, ilé ẹ̀kọ́ àwọn adúláwọ̀ ní Nashville, ní 1888, tó sì lọ sí Harvard, àwọn ará Harvard kò ka oyè náà sí. Ọdún kẹta ni wọ́n fi í sí, ó sì tún oyè kan náà gbà lọ́wọ́ wọn ní 1890. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta náà, wọ́n fún un, wọn kò dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ní 1901 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Joliet ní Illinois kí ọmọ lè ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́ nítòsí ilé, kó tó wọ yunifásítì fún ìyókù. Láti inú irú rẹ̀ ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tó wà káàkiri Amẹ́ríkà ti jáde. Langston Hughes, akéwì ńlá nì, wọ Columbia ní New York ní 1921 nítorí pé bàbá rẹ̀ tó ń sanwó fẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò lò ju ọdún kan lọ tó fi fi í sílẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dé etíkun Áfíríkà, ó sì wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1929 ní Lincoln kan náà tí Azikiwe ti jáde ní ọdún kejì.

Nílé, ní January 1948, a rí ìṣípò kan tó jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ló dìde pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ló kó ẹrù kúrò ní Yábàá lọ sí Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, sínú ilé onípákó tí wọ́n fi ṣe ilé ìwòsàn ológun nígbà ogun Hitler, wọ́n sì di akẹ́kọ̀ọ́ University College tuntun lábẹ́ Kenneth Mellanby. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti ń jà fún láti 1934 ló ṣẹ yìí, nítorí oyè Yunifásítì London ni Ìbàdàn ń fúnni, kì í ṣe ti igbákejì mọ́. Síbẹ̀, bí oyè London ti dé ni òfin London náà bá a dé: ìdánwò àárín ọ̀nà àti ìdánwò àṣekágbá, ẹni tó bá ṣẹ́rí padà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án.

Ọmọkùnrin kan tó wọlé ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, Chinua Achebe, san án. Ìṣègùn ni ìjọba fún un lówó láti kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ó bọ́ sí ìdí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, owó ìjọba sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Augustine, tí í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ló yọ owó tó ti fi pamọ́ fún ìrìn àjò tirẹ̀ sílé nígbà ìsinmi, tó fi san owó ilé ẹ̀kọ́ fún àbúrò. Mo máa ń ronú sí owó yìí lọ́pọ̀ ìgbà ju bí mo ti ń ronú sí àwọn ìwé tí Achebe kọ lẹ́yìn náà. Àbúrò kò tíì kọ ìwé kankan nígbà yẹn; ẹ̀gbọ́n kò rí ohun kan ju ọmọ tó pàdánù owó ìjọba nítorí pé ó yí ọkàn padà lọ, ó sì fún un lówó bẹ́ẹ̀. Ní 1952 ni Wọlé Ṣóyínká wọ Ìbàdàn kan náà; nígbà tó di 1954 ó ti kúrò, ó gba Leeds lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gba oyè ní 1957. Ìbàdàn kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ búburú. Bí àwọn méjèèjì ti rí i nìyẹn, tí wọ́n sì gbọ́ tiwọn.

Azikiwe kò gbàgbé Storer, Howard àti Lincoln. Nígbà tí ó ní agbára, ó kọ́ yunifásítì tirẹ̀ ní Nsukka, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, tí wọ́n sì ṣí i ní October 1960, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ó fa irú ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ wa: ọmọ ọdún kìíní gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oríṣiríṣi ìmọ̀ kó tó rì sínú ọ̀kan, kó lè mọ ohun tó ń yàn. Ní 1963, wọ́n fi orúkọ Hansberry, olùkọ́ rẹ̀ ní Howard, sọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà níbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbàdàn kan fojú kéré Nsukka nígbà náà, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fẹ̀ ju bí ó ti jinlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ọdún kìíní tí wọ́n fojú kéré náà, kò sí yunifásítì kan ní Nàìjíríà lónìí tí kò ní in. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa ni kò jẹ́ kí igi náà gbó dáadáa. Láti ìparí 1966, lẹ́yìn ìpakúpa ilẹ̀ Àríwá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìlà-oòrùn ń fi Ìbàdàn àti Èkó sílẹ̀ lọ sílé, àwọn ọmọ Yorùbá sì ń fi Nsukka sílẹ̀ bọ̀. Kò sí èyí tó yàn án nínú wọn.

Lẹ́yìn ogun, yunifásítì pọ̀ sí i. Ifẹ̀ Oòyè ti ní tirẹ̀ láti 1962, ó sì ti kó láti Ìbàdàn lọ sí ilé rẹ̀ gan-an ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ fi méje kún iye tó wà. Olúkúlùkù wọn ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo sì lè gba lẹ́tà ìgbaniwọlé mẹ́ta, kó di gbogbo wọn mú, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ ni àyè méjì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo. Láti fòpin sí èyí ni wọ́n ṣe dá JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbaniwọlé fún gbogbo wọn, sílẹ̀ ní 1978. Òtítọ́ ni pé ó dá ètò padà sípò, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀; ṣùgbọ́n yíyàn tí ọmọ ń ṣe nílé, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta nínú àpótí, ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì fi yíyàn mìíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà tó bá débẹ̀ tán. Jámbáìtì tí ojú ń kán lónìí lè gba fọ́ọ̀mù ìṣípòpadà láti yunifásítì kan sí òmíràn, lóòótọ́. Yunifásítì méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, JAMB náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, máàkì ọdún kìíní rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dára, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ kò bá lára mu gan-an ni máàkì máa ń wọ́n fún. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ dán an wò. Wọ́n á tún ìdánwò JAMB ṣe láìjẹ́ kí ilé mọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní níbòmíràn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, àwọn mìíràn gba ilé ẹ̀kọ́ aládàáni lọ. Àwọn kan ti ń sọdá ààlà lọ sí ilẹ̀ Benin àti Togo tipẹ́, títí ìjọba fi sọ ní January 2024 pé òun dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì dúró, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tó ń ta ìwé ẹ̀rí, tí ìyà rẹ̀ sì kan àwọn tó kàwé gidi níbẹ̀.

Èyí dùn mí nítorí pé ohun èlò ti wà nílẹ̀. Gbogbo yunifásítì wa ló ń ka kọ́ọ̀sì ní yúníìtì báyìí gẹ́gẹ́ bí ti Amẹ́ríkà. Láti 2023, NUC, àjọ tó ń ṣàmójútó àwọn yunifásítì, ti ní kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ nínú iṣẹ́ kan náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní gbogbo yunifásítì, kí ìdá 30 jẹ́ ti olúkúlùkù; MTH 101 tí wọ́n ń kọ́ ní Ìlọrin ni MTH 101 tí wọ́n ń kọ́ ní Àkúrẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ti yege nínú rẹ̀ ní ìlú kan ti yege nínú rẹ̀, kò sì sí ìdí tí yúníìtì náà fi gbọ́dọ̀ kú sí ẹnu géètì. Ohun tí Harpers Ferry, ilé ẹ̀kọ́ kékeré àwọn ọmọ ẹrú, fi lé Azikiwe lọ́wọ́ lọ sí Washington ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó yẹ kí Ìlọrin lè fi lé ọmọ wa lọ́wọ́ lọ sí Àkúrẹ́, kí àwọn olórí NUC àti JAMB sì jókòó pọ̀ lórí rẹ̀ kí sáà ẹ̀kọ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.